Nígbà Tí Egbò Bá "Ń Gbẹ"

Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú egbò, ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù láti gbé wọ Yorùbá kì í ṣe orúkọ kòkòrò tàbí ti oògùn. "Gbẹ" ni. Bi aláìsàn léèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bóyá egbò rẹ̀ ń san, "Ó ti ń gbẹ" ni yóò fi dáhùn, inú rẹ̀ á sì dùn. Nítorí gbẹ yìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń tú kápúsù dà sójú egbò, tí wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lónìí yàtọ̀ sí èyí. Ní 1962, George Winter tẹ àbájáde ìwádìí tó fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe jáde: ó fi ọ̀rá ike bo àwọn ọgbẹ́ kan, ó ṣí àwọn mìíràn sílẹ̀. Awọ tuntun bo ti abẹ́ ọ̀rá ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyára ti gbangba. Ibi tó lọ́rinrin ni awọ tuntun ti ń rìn geere. Bí èépá bá ti le síbẹ̀, ó di dandan kí awọ tuntun wá ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni ká sọ dípò gbẹ? "Tutù" kò ní ṣe é, nítorí ọgbẹ́ tútù ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. "Rin gbindin" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí omi bá pọ̀, awọ etí egbò á funfun, á hunjọ, bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nídìí aṣọ fífọ̀. "Ọ̀rinrin díẹ̀" ni mo fara mọ́. Ní ti ìròyìn pé ara ń yá, Yorùbá ti ní ohun tó dára ju gbẹ lọ: "ẹran ń hù," "ojú egbò ń pàdé." Ìwọ̀nyí ṣeé fojú rí, wọ́n sì ṣeé fi rúlà wọ̀n.

Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún wa. Ọgbẹ́ ni ti ọ̀bẹ àti àdá, egbò ni èyí tó ti fìdí kalẹ̀, bó bá sì kọ̀ tí kò san, ó di àdáàjinná. Ẹ má jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀.

Àwọ̀ ló ń dà mí láàmú. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, dúdú ni ẹran tó ti kú tó sì le, yẹ́lò ni ẹran kíkú tó rọ̀, pupa ni ẹran tuntun. Ṣùgbọ́n pupa ti Yorùbá fẹ̀: epo pupa, ènìyàn pupa, pupa ẹyin. Bí olùrànlọ́wọ́ bá tẹ nọ́ọ̀sì láago pé "Ojú egbò bàbá pupa," ó lè jẹ́ ìròyìn rere, ó sì lè jẹ́ pé ẹran kíkú ló bo gbogbo rẹ̀. Èmi yóò kọ "pupa ẹ̀jẹ̀" fún ọ̀kan, "àwọ̀ ìyeyè" fún èkejì. Mi ò sì ní pe èkejì ní ọyún. Ọyún a máa ṣàn. Omi oníyọ̀ ilé ìwòsàn, èyí tó ní gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan, á wẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹran kíkú á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá pè é lọ́yún á máa wá oògùn apakòkòrò fún ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì yọ kúrò.

Bí kòkòrò bá wọ egbò, "àkóràn" ni àwọn kan ń kọ. Ẹbí aláìsàn tó bá gbọ́ ọ lè sá fún un. "Egbò ti kẹ̀" tó, kìkì pé kí a fi àmì ohùn sí i, kí ẹnikẹ́ni má kà á sí kíkẹ́.

"Egbò ìdùbúlẹ̀" náà kò tó, nítorí ìjókòó pípẹ́ lórí àga ń fà á bákan náà. Mo dábàá "egbò àtẹ̀pẹ́": ohun tó tẹ ara, tó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ti ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn ìwé sọ pé kí a wá ibi tó pọ́n, ká fi ìka tẹ̀ ẹ́, ká wò ó bóyá pípọ́n náà á ṣí. Lára awọ dúdú, pípọ́n yìí kì í sábà hàn. Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ lè gbóná tàbí kó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, ó lè le tàbí kó rọ̀ jù, ó sì lè dúdú sí i. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ ń mọ̀ ló yẹ kí ìwé Yorùbá fi bẹ̀rẹ̀, kí "ó pọ́n" tẹ̀ lé e.

Gbẹ ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá dúdú, tó gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa, a kì í rin ín. Gbígbẹ ni a ń jẹ́ kó wà, "Mà, ẹ má fi omi kàn án" sì ni olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn, kó tó kọ ìwé tí yóò fi rán an sí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.