Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Dikódà: Ìtàn Níní Àpótí Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá ń wọ ilé kiri ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin lónìí, kò ní pẹ́ kí ó tó rí àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, tí iná kékeré ń tàn níwájú rẹ̀, tí a sì fi okùn so mọ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Dikódà ni àwọn ènìyàn ń pè é. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ olówó. Aránṣọ ń rà á, awakọ̀ ń rà á, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan náà ń rà á. Bóyá nítorí pé ó kéré tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ni àwọn tí ó ń kọ ìtàn ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ wa kì í fi í kà á sí. Ilé-iṣẹ́, gómìnà àti òfin ni wọ́n máa ń kọ̀wé lé lórí. Ohun tí ó wà nínú ilé olùwòran kì í sábàá kàn wọ́n.

Ọ̀nà mìíràn ni àpilẹ̀kọ yìí gbà. Àpótí tí ó wà nínú ilé ni a ó tẹ̀ lé láti ọdún 1935 títí di òní, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó sì máa bi í: ta ni ó ni ín? Ṣé ẹni tí ó fi owó rà á ni, tàbí ẹni tí ó ń fi ohùn àti àwòrán sínú rẹ̀? A ó rí i pé ìbéèrè yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí dikódà rárá.

Àpótí àkọ́kọ́: asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní oṣù kejìlá, ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò ìpín-rédíò-káàkiri ní Èkó, lábẹ́ àkóso ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà. Ibùdó kan ni ó ń gba ètò BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ń fi wáyà orí òpó pín in dé ilé àwọn tí ó ń san owó oṣooṣù. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1939, ó ti dé Ìbàdàn. Ohun tí ó wà nínú ilé olówó oṣù náà ni àpótí kan tí ohùn ń ti inú rẹ̀ jáde. A lè yí bọ́tìnnì rẹ̀ kí ohùn lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a lè yí láti wá ibùdó mìíràn. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti orísun ni onílé yóò gbọ́.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ ọ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní mọfọ́lọ́jì fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara odidi àpólà ìṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju àpẹẹrẹ gírámà lọ. Ẹ̀sùn ni. Láàárín àwùjọ tí ìkíni gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn, tí alálọ̀ọ́ kò jẹ́ tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé àwọn ọmọdé ti gba àlọ́ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì jẹ́ ohun àjèjì. Lẹ́yìn náà ni orúkọ yìí ràn dé orí gbogbo rédíò, títí tí ọ̀pọ̀ kò fi mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Ẹni tí àpótí yìí wà nílé rẹ̀ kò lè sọ pé òun ni òun ni ohùn inú rẹ̀. Bí kò bá san owó oṣù, wáyà ni wọn yóò gé, àpótí yóò sì di igi lásán.

Ọ̀rọ̀ èsì yìí náà ni ó wà nídìí bí amóhùnmáwòrán ṣe dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1953 lórí àbá òmìnira tí Olóyè Anthony Enahoro gbé wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Gómìnà Macpherson lo rédíò ìjọba láti fi bá àwọn olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò gbà fún un. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí òfin ìṣèjọba ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn ní ẹ̀tọ́ láti dá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ara wọn sílẹ̀, Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion dòwò pọ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Ìgbà áńtẹ́nà

Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa ọdún 1959 ni pé ó yí ìbáṣepọ̀ onílé àti àpótí padà. Ìgbì afẹ́fẹ́ kò ní wáyà tí a lè gé. Ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀rọ, tí ó ri ọ̀pá áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí ó rí ọmọ kan tí yóò máa yí ọ̀pá náà títí tí àwòrán yóò fi mọ́ (“Ó ti dára! Má yí i mọ́!”), ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fi àwòrán ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kò mọ ẹni tí ń wò, kò sì ní ọ̀nà tí yóò fi dá a dúró. Lóòótọ́, òfin mọ ìwé-àṣẹ rédíò àti amóhùnmáwòrán. Òfin ìṣèjọba ọdún 1979 tilẹ̀ fi gbígba owó rẹ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá san án, àwòrán kò tìtorí rẹ̀ lọ.

Olówó ni ó kọ́kọ́ ń ra ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni ó ń wò ó. Àwọn tí wọ́n dàgbà ní àkókò náà kò gbàgbé ojú fèrèsé tí àwọn ọmọdé máa ń tò sí. Eré Yorùbá jẹ ànfààní yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Mósè Ọláìyá àti àwọn Aláwàdà rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti orí WNTV. Ní àwọn ọdún 1980, Arélù ti Jímọ̀ Àlíù sọ Fádèyí Olóró di orúkọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Ìjọba àpapọ̀ ti gba WNTV nígbà náà, ó ti di ti NTA lábẹ́ Òfin 24 ọdún 1977. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 1979 ni àwọn ìpínlẹ̀ tún dá tiwọn sílẹ̀: LTV ní Èkó ní ọdún 1980, OGTV ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1981, TSOS ní Ìbàdàn ní ọdún 1982. Fún gbogbo àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rọ kan àti áńtẹ́nà ti tó.

Dídé díjítà

Ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ sí ìlú Geneva lábẹ́ àjọ ITU, wọ́n sì fẹnu kò pé ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 2015 ni ààbò tí ìgbì ánálọ́ọ̀gì ní lábẹ́ àdéhùn yóò dópin, yàtọ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè kan, pàápàá ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí a fún láyè di ọdún 2020 lórí ìgbì VHF. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ní ọ̀nà àtijọ́, ibùdó kan ṣoṣo ni ó lè jókòó sórí ọ̀nà ìgbì kan. Ní ti díjítà, a ń sọ àwòrán di nọ́ńbà, a ń fún un pọ̀, ibùdó tí ó ju mẹ́wàá lọ sì lè gba ọ̀nà kan náà kọjá. Àyè tí ó bá ṣẹ́ kù, a lè tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́ kò lè ka nọ́ńbà wọ̀nyí. Àpótí tí yóò máa tú u fún un ni dikódà.

Ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn ará abúlé tètè mọ̀ ju àwọn onímọ̀ lọ. Bí ìgbì ánálọ́ọ̀gì kò bá lágbára, àwòrán yóò máa ṣe wínniwínni, ohùn yóò máa hó, ṣùgbọ́n ènìyàn yóò ṣì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ti díjítà, àwòrán yóò gé sí wẹ́wẹ́, yóò dúró gbagidi, lẹ́yìn náà yóò lọ pátápátá. Kò sí ìdajì.

Àwọn oníṣòwò ni ó kọ́kọ́ gbé àpótí olówó pọ́ọ́kú dé. StarTimes bá NTA dòwò pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010. GOtv tẹ̀ lé e ní ọdún 2011. Ṣáájú wọn, àwo orí òrùlé àti owó gọbọi ni ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọ̀pọ̀ ibùdó gbọ́dọ̀ ní. Àpótí tuntun yìí kò nílò ju áńtẹ́nà kékeré lọ. Ọdún 2010 yìí kan náà ni Africa Magic Yoruba bẹ̀rẹ̀, tí eré Yorùbá fi ní ibùdó tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti òwúrọ̀ dé òru, ohun tí WNTV kò lè fún un láyé. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n owó àsansílẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ènìyàn ra àpótí, ó gbé e sílé, ó sì tún ń san owó oṣù kí àpótí tirẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀. Bí oṣù bá pé tí owó kò sí, kò sí ẹni tí yóò gun òpó láti gé wáyà. Àṣẹ kan láti ọ̀nà jíjìn ti tó.

Ètò ti ìjọba, FreeTV, lábẹ́ àjọ NBC, ni ó yẹ kí ó dá ìgbà áńtẹ́nà padà: kí ènìyàn ra àpótí, kí ó sì máa wò láìsan owó oṣù. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 2016, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀dínwó ta àpótí kan ní 1,500 náírà. Ó dé Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó dé Ìlọrin àti Kàdúná ní ìparí ọdún 2017, ó dé Enugu àti Òṣogbo ní oṣù kejì ọdún 2018, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 2021. Bí àwọn ìlú méje yìí ṣe tẹ̀ léra nìyí. Ìbàdàn, tí ó ṣáájú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà nípa rẹ̀ ní ọdún 1959 gẹ́gẹ́ bí WNTV ṣe máa ń fi yangàn, kò sí lára wọn. Láàárín àwọn ọdún tí ìjọba fi ń sún ọjọ́ síwájú, àwọn oníṣòwò ti gba pálọ̀. Ẹni tí ó ti ra àpótí kan kì í fẹ́ tún ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tokunbo náà kò ṣeé fò. Ọ̀pọ̀ amóhùnmáwòrán tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí ọjà wa ni a kọ “Freeview” sí lára, àwọn tí ó ń tà á a sì máa sọ pé kò nílò dikódà. Ètò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù kẹwàá, ọdún 2002 ni Freeview, ìlànà DVB-T ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìlànà DVB-T2 ni FreeTV tiwa ń lò. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ra irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù ni kò mọ èyí.

Èdè tí àpótí ń sọ

Ìyá òǹkọ̀wé yìí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ń ka Bíbélì Yorùbá dáadáa, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ra dikódà kan fún un. Kò pé oṣù méjì tí ó fi pè wá pé ó ti bàjẹ́. Àdúgbò ti bá a gbọn okùn rẹ̀ títí, wọ́n ti tú áńtẹ́nà wálẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe àpótí náà. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó wà lójú amóhùnmáwòrán, tí ó ń sọ pé owó ti tán. Nígbà tí a ṣàlàyé fún màmá, wọ́n ní, “Ṣé Redifúṣọ̀n ni wọ́n tún gbé padà wá ni?” Wọ́n dàgbà ní Ìbàdàn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni màmá ń wò láti àárọ̀ dé alẹ́ lórí àpótí yìí, síbẹ̀ àpótí fúnra rẹ̀ kò lè bá wọn sọ Yorùbá. Àwọn baba wa fún àpótí àkọ́kọ́ ní orúkọ tí ó ní làákàyè nínú; wọ́n fún èkejì ní amóhùnmáwòrán. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ dikódà, tàbí kí wọ́n kúkú máa fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á pè é, bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ náà ni ó ni ín síbẹ̀. Ní ojú tiwa, àìsí orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìtó èdè. Ohun tí ènìyàn bá kà sí tirẹ̀ ni ó máa ń sọ lórúkọ.

Iṣẹ́ wà níbí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń wá orí ọ̀rọ̀ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Àwọn tí wọ́n mọ ìgbà wáyà ní Èkó àti Ìbàdàn kò pọ̀ mọ́, àgbà sì ni gbogbo wọn. Kí a bi wọ́n pé ilé ta ni àpótí wà ní àdúgbò wọn, èló ni wọ́n ń san lóṣù, ta ni ó ń wá gba owó náà, kí ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Lẹ́yìn náà, kí a bi àwọn ọmọ wọn ní ìbéèrè kan náà nípa dikódà, kí a sì kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.