Tẹ́ ẹ bá ń ṣe dialysis, abẹ́rẹ́ Hepatitis B tiyín yàtọ̀

Nígbà tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi kan láti Ẹ̀pẹ́ wá ṣe dialysis n'Íkòròdú, nǹkan tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe owó. Èsì àyẹ̀wò Hepatitis B ni. Inú bí ẹ̀gbọ́n: "Kíndìnrín ló ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe ẹ̀dọ̀!"

Nọ́ọ̀sì ò jẹ̀bi o. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ yìí lè lo ọjọ́ 7 lórí ẹ̀rọ tàbí àga tí ẹ̀jẹ̀ ta sí, kódà tí ojú ò bá rí i. Ní Edinburgh, lọ́dún 1969 sí 1970, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe dialysis. Ó pa aláìsàn, ó pa òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní in fi gbọ́dọ̀ ní yàrá àti ẹ̀rọ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tí kò ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún abẹ́rẹ́ ọmọdé, ọ̀pọ̀ àwa àgbà ò gbà á. Àmọ́ 20 maikirogíráàmù tí wọ́n sábà máa ń fún àgbà ò tó ẹni tó ń ṣe dialysis, torí abẹ́rẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú lára wọn. 40 ni tiwọn, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín oṣù 6. Lẹ́yìn oṣù kan sí méjì, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó ṣiṣẹ́. Tí èsì ò bá tó 10, wọ́n á tún un gbà. Ọdọọdún sì ni àyẹ̀wò yẹn. Ó dáa jù kéèyàn ti gbà á kó tó dé orí ẹ̀rọ rárá.

Ẹ̀gbọ́n yọ káàdì kan látinú báàgì. Ẹyọ kan péré ló gbà, ní kẹ́mísì. 20 ni wọ́n kọ síbẹ̀.