Iṣẹ́ Abẹ Tí Ń Mú Ọmú Tóbi

Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, dókítà máa ń fi àpò silikónì sábẹ́ ọmú tàbí sábẹ́ iṣan àyà. Jẹ́ẹ̀lì silikónì tàbí omi oníyọ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀. Timmie Jean Lindsey, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́fà ní Texas, Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ti jẹ́ẹ̀lì sí lára lọ́dún 1962.

Iṣẹ́ abẹ náà máa ń gba wákàtí kan sí méjì, lábẹ́ oògùn oorun. Àyà á wú, á sì máa dun obìnrin náà fún ọjọ́ mélòó kan. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò ní gúnyán, kò ní pọnmi, kò sì ní pọn ọmọ. Kó ti wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ sílẹ̀.

Àpò náà kì í wà títí ayé. Ó lè bẹ́; awọ tí ara hun yí i ká sì lè fún un títí ọmú á fi le, á máa dunni. Iṣẹ́ abẹ náà lè dí fífún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú sókè, bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kó tètè sọ ọ́ fún dókítà.

Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú ní Spéènì ní 23 Oṣù Kẹwàá 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ikùn ni tirẹ̀, kì í ṣe ọmú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iṣẹ́ abẹ ẹwà lè léwu. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é béèrè bóyá orúkọ dókítà wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ èémí rẹ̀ lójú oorun.