Fífi Ìṣirò Wọn Ẹ̀yìn Ikọ̀ Super Eagles

Ìṣirò ẹ̀yìn ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà mọ bí àwọn adilémú ikọ̀ bọ́ọ̀lù kan ṣe le tó, láìgbé gbogbo ẹjọ́ náà lé iye góòlù tó wọlé wọn. Góòlù ṣọ̀wọ́n. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn wà tí ẹyọ kan kò ní wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó sì ṣọ̀wọ́n tó báyẹn kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Ará Abuja mọ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, Super Eagles, ikọ̀ Nàìjíríà, gba Ghana lálejò ní pápá ìṣeré Moshood Abiola. Wọ́n ti gbá ọ̀mì 0-0 ní Kumasi, tíkẹ́ẹ̀tì Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Qatar ni wọ́n sì ń dù. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Thomas Partey gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlà tí àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ń pè ní “eighteen”. Aṣọ́lé wa, Francis Uzoho, bẹ́ sílẹ̀ láti mú un, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé. William Troost-Ekong fi pẹ́nárítì dá a padà ní ìṣẹ́jú 22. Ó parí sí 1-1, òfin tó ní góòlù ilé onílé wúwo ju ti ilé ẹni lọ sì gbé Ghana kọjá. Inú bí àwọn èrò, wọ́n ya wọ inú pápá, wọ́n ń ba nǹkan jẹ́.

Ṣé ẹ̀yìn ló jò lọ́jọ́ náà? Òǹkà tí wọ́n ń pè ní xG, ìyẹn góòlù tó yẹ kó wọlé, ló lè dáhùn. Sam Green tó wà ní iléeṣẹ́ Opta wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e jáde fáyé ní 2012. Wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá sójú ilé jọ, wọ́n á wá béèrè pé: nínú 100 tí wọ́n gbá láti ibí yìí, mélòó ló wọlé? Ẹsẹ̀ ni àbí orí? Ojú ilé ṣí sílẹ̀ ni àbí ó há? Pẹ́nárítì máa ń wọlé tó ìgbà 76 nínú 100, nítorí náà 0.76 ni. Irú èyí tí Partey gbá kì í sábàá ju 3 sí 5 nínú 100 lọ. Tí wọ́n bá ro gbogbo ti alátakò pọ̀, wọ́n ti rí ohun tí ẹ̀yìn gbà láàyè gan-an.

Òǹkà mìíràn tún wà tó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù forí lé lẹ́yìn tó ti kúrò lẹ́sẹ̀. Èyí ló ń ya gbèsè aṣọ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára ti adilémú, lójú tèmi òun ló sì yẹ kí àwọn tó ń bú àwọn adilémú lálẹ́ ọjọ́ náà kọ́kọ́ béèrè.

Ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀rọ̀ náà yíra padà. Lẹ́yìn ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Peseiro to adilémú mẹ́ta sẹ́yìn: Semi Ajayi, Troost-Ekong àti Calvin Bassey. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra wọn láìsí góòlù kan tó wọ àwọ̀n Stanley Nwabali. Nígbà tí South Africa fi máa rí tiwọn he, pẹ́nárítì ni, lẹ́yìn tí adájọ́ ti fagi lé góòlù Osimhen, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa. Góòlù mẹ́rin péré ló wọlé wa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje, wọ́n sì fi Troost-Ekong ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ. Ṣùgbọ́n méjì nínú mẹ́rin náà jẹ́ ti àṣekágbá, níbi tí Franck Kessié ti Côte d'Ivoire ti fi orí kan tiẹ̀ wọlé láti kọ́nà, tí Sébastien Haller ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ìtòsí fi ẹsẹ̀ kan tiẹ̀. Irú àyè bẹ́ẹ̀, xG kò ní fojú fò ó: ẹ̀yìn ló jò níbẹ̀.

Òǹkà kẹta, PPDA, ní tirẹ̀ ń ka iye pààsì tí wọ́n jẹ́ kí alátakò ṣe kí wọ́n tó já bọ́ọ̀lù gbà tàbí kí wọ́n tó ṣe fáòlù. Bí alátakò bá ṣe pààsì 120 ní apá pápá tó sún mọ́ ilé tirẹ̀, tí a sì dí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 12 ni. Ó ń sọ bí ikọ̀ kan ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sọ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n gbá.

Ibi tó le jù ni ọ̀rọ̀ ta ni a bá ta. Ní oṣù Kẹfà 2022, Nàìjíríà na São Tomé e Príncipe 10-0. Ní 2024, a na Cameroon 2-0. Òdo ni ti alátakò nínú méjèèjì, ta ló máa ní ọgbọọgba ni wọ́n? Wàhálà kan náà wà nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé (American football) tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbá, níbi tí ikọ̀ kan ti sábà máa ń ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bíi 12 péré ní sáà kan, tí agbára wọn kò sì dọ́gba rárá. Ìṣirò SP+ tí Bill Connelly ṣe ń gbé agbára alátakò wò, ó sì ń yọ apá tí eré ti dọwọ́ ẹnì kan tán kúrò. Super Eagles náà kì í gbá púpọ̀ lọ́dún, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sì yẹ wọ́n.

StatsBomb ti gbé àkọsílẹ̀ ìdíje Côte d'Ivoire náà síta lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè mú ìwé àti bírò jókòó ní ilé ìwòran ní Nyanya tàbí Kubwa: kó ya ojú ilé àti ìlà “eighteen”, kó fi X síbi tí alátakò ti gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kó sì yí òbírí ká èyí tó wọlé. Lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, X ti Partey yóò wà níta ìlà, pẹ̀lú òbírí rẹ̀.