Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá Nínú Ilé: Ìtàn Ìtọ́jú Èrò àti Ìwà

 

Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba nílùú Kàdúná kí n tó fẹ̀yìntì. Ní gbogbo àkókò náà, n kò kọ ìmọ̀ràn sínú fáìlì ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé mi, mo dá ọmọ mi lẹ́jọ́ láìgbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Mo ní nítorí pé n kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ló ṣe ń fojú tín-ín-rín mi. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé irú ohun tí mo ṣe yìí; ìtàn bí wọ́n ṣe rí i ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1955, Albert Ellis, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní New York, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú kan. Ó ní kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìkan ló ń bà wá nínú jẹ́, bí kò ṣe ìtumọ̀ tí a fún un. Epictetus, ọlọ́gbọ́n Gíríìsì, ti kọ́ni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn.

Ní àwọn ọdún 1960, Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Pennsylvania, ń tọ́jú àwọn tó ní ìsoríkọ́. Ìmọ̀ Sigmund Freud ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn èrò kan máa ń já wọ ọkàn àwọn aláìsàn rẹ̀ láìpè, wọn a sì gbà wọ́n gbọ́ láìwádìí. Ó kọ́ wọn láti yẹ èrò náà wò bí adájọ́ ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò. Láti ibẹ̀ ni ìtọ́jú èrò àti ìwà, tí wọ́n ń pè ní CBT, ti gbilẹ̀. Beck kú ní 2021, lẹ́ni 100 ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìgbéyàwó pẹ̀lú. Ní 1969, Richard Stuart kọ̀wé nípa tọkọtaya mẹ́rin tó tọ́jú: ọkọ tó bá jókòó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò gba àmì, àmì náà yóò sì di oore fún un. Ó dára, ṣùgbọ́n oore kì í wọni lára bí a bá ń rò pé ẹ̀tàn ni. Ní 1988, Beck kọ ìwé Love Is Never Enough lórí àṣìgbọ́ láàárín tọkọtaya. Ní 1990, Donald Baucom àti Norman Epstein kọ ìwé tó so èrò àti ìwà pọ̀ nínú ìtọ́jú ìgbéyàwó.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí o rò, ohun tí o ṣe. Bi ara rẹ pé, ẹ̀rí wo ni mo ní? Kí ló tún lè fà á? Bí ẹ bá jókòó sọ ọ́, kí ẹnì kan sọ tirẹ̀. Kí ẹnì kejì kọ́kọ́ tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ, kó tó fèsì. Ṣùgbọ́n níbi tí lílù bá wà, ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù.

Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A máa ń ro ìyẹn mọ́ ẹlòmíràn. A kì í rántí pé ọkàn tiwa náà ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Èmi náà mú ìwé. Lábẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbólóhùn kan péré ni mo rí kọ: kò gbé fóònù. Gbogbo ìyókù, èmi ni mo rò ó. Mo wọkọ̀ lọ bá a ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í pé kò ní ohun tí yóò fi ránṣẹ́ sí wa. Ó ní, "Bàbá, mo rò pé ẹ ó pè mí ní ọ̀lẹ ni." Òun náà ti dá ẹjọ́ mi.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ pe ẹni tí ẹ̀ ń bá yodì. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀.