Òfin 1999, ìdájọ́ 2024 🧵

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí software sáyẹ́ǹsì àtijọ́ fi máa ń takú tí a bá fẹ́ compile rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni o, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ.

Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá 1999, NASA fi sátẹ́láìtì Terra ránṣẹ́ sójú ọ̀run. Ní ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, omi àti ìkùukùu gbogbo ayé, tiwa náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ MODIS. Inú fáìlì HDF4 ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ dátà rẹ̀ sí. HDF5 ti dé láti 1998, ṣùgbọ́n kò lè ka HDF4. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí igbó kan ṣe rí ní 2001 ṣì nílò kóòdù àtijọ́.

Èmi náà gbé irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kan. Mo tẹ ./configure, ó ní compiler mi ò ṣiṣẹ́. Compiler tí mo lò láàárọ̀ yẹn! Àbí ẹ rí nǹkan?

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Nínú èdè C àtijọ́, o lè pe function tí o kò kéde, o sì lè kọ main láìsọ irú ohun tó máa dá padà. Compiler á kàn gbà pé int ni. Ìlànà C99 yọ méjèèjì kúrò ní 1999, ọdún tí Terra gbéra gan-an. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ lásán ni GCC ń ṣe. Ó kìlọ̀, ó kìlọ̀, títí di oṣù Karùn-ún 2024 tí GCC 14 sọ ọ́ di error.

Configure fúnra rẹ̀ sì máa ń kọ C kéékèèké láti fi dán kọ̀ǹpútà wò. Bó bá jẹ́ C àtijọ́ ló kọ, GCC 14 á dá a padà, configure á wá máa pariwo pé compiler ló bàjẹ́. Ẹ má gba ẹnu ẹ̀ gbọ́. config.log ni kí ẹ kà.

GCC 10 ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, ní 2020. Variable tí fáìlì méjì jọ ní, tó ń dà pọ̀ di ọ̀kan tẹ́lẹ̀, di "multiple definition". Àwọn oníFortran 77 náà, tí wọ́n ń fún subroutine kan ní integer níhìn-ín, real lọ́hùn-ún, gfortran 10 ní òun ò gbà mọ́.

Ohun tí mo lò: -std=gnu89 àti -fcommon fún C, -fallow-argument-mismatch fún Fortran.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi -w pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà 64-bit, pointer jẹ́ bit 64, int sì jẹ́ 32. Bí compiler bá ka pointer tí function dá padà sí int, ìdajì rẹ̀ á gé dànù. Ó máa compile dáadáa, á wá kú sí yín lọ́wọ́ níbi tó ti ń ka dátà. Gbogbo ibi tí ìkìlọ̀ yẹn bá ti yọjú, ẹ fi #include tó yẹ síbẹ̀, kí ẹ tó make check.