Lé, Dín, Kù

Ní ọdún 1965, ìwé ìmọ̀ ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ kan jáde tí Ayọ̀délé Awójọbí àti P. Grootenhuis jọ kọ. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni bí ilẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí ohun líle kan bá ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ńlá ka orí ilẹ̀ tó jìn, tó máa ń tẹ̀ tó sì máa ń padà sípò, ẹ tan ẹ̀rọ náà: báwo ni òun àti ilẹ̀ yóò ṣe jọ máa gbọ̀n? Oṣòdì ni wọ́n bí Awójọbí sí ní 1937, ṣùgbọ́n St. Peter's ní Fájì ló ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ sí CMS Grammar School nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà ní Broad Street, kí wọ́n tó kó o lọ sí Bàrígà. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè DSc ní 1974, ó sì kú ní 1984 lẹ́ni ọdún 47.

Kò sí ẹni tó gbé Ìsàlẹ̀ Èkó rí tí kò mọ ohun tí ìgbọ̀n ẹ̀rọ ń ṣe fún ilé. Apá kan erékùṣù Èkó, Alákorò àti Ẹlẹ́gbàtà nínú wọn, irà ni kí wọ́n tó kó yẹ̀pẹ̀ dí i. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń ké ní ìsàlẹ̀ ilé alájà ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó wà lókè ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Síbẹ̀, bí ìyá kan ní Ìta Fájì bá bi ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọka pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń kọ́ yín gan-an níbẹ̀?", òyìnbó ni ọmọ náà yóò fi dáhùn, ìyá yóò sì dákẹ́. Mo rò pé a lè fún ọmọ yẹn ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Mo sì rò pé inú owó àti inú òǹkà wa ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà wà, nínú lé, dín àti kù, tí ẹnu ọlọ́jà kò fi sílẹ̀ rí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ti la ìdajì ọ̀nà yìí. Aliu Bàbátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1923, ló ṣáájú àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣírò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sáwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé mẹ́fà parí sí ni ìṣírò Yorùbá náà parí sí. Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, ọ̀rọ̀ nípa èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n kó jọ. Iṣẹ́ ńlá ni, àwa tó ń kọ Yorùbá lónìí ń jẹ nínú rẹ̀. Ìṣírò gíga kò sí lára ohun tí wọ́n dáwọ́ lé.

Ẹ jẹ́ ká mú igun kan nínú rẹ̀: ọ̀nà tí a fi ń kó iye kéékèèké jọ, ọ̀kan lé èkejì, títí a ó fi súnmọ́ ìdáhùn ìdọ́gba tí kò ṣe é dáhùn lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tó ń sọ bí ẹ̀rọ àti ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ìdọ́gba wo nìyẹn? Àwọn kan ti pè é ní "ìdọ́gba ìyàtọ̀", torí pé ìyàtọ̀ ni ìwé atúmọ̀ èdè fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, "differential". Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ máa ń wà láàárín ohun méjì tó dúró síbì kan; ohun tí ìdọ́gba yìí ń sọ ni bí ohun kan ṣe ń yí padà àti bí ó ṣe ń yára tó. Ìdọ́gba ìyípadà ni mo ń pè é. Irú rẹ̀ ni Chike Obi gba oyè ọ̀mọ̀wé lé lórí ní Cambridge ní 1950, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó.

Ẹ wá wo ọlọ́jà kan ní Balógun tó yá ẹnì kan ní ₦100,000, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé èlé ọdún kan yóò jẹ́ 12 nínú 100. Ká ní èlé náà kò dúró dìgbà tí ọdún bá pé, pé ṣe ló ń gorí owó ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ìdọ́gba ìyípadà dé nìyẹn: ìyára tí owó fi ń pọ̀ jẹ́ 0.12 lọ́nà iye owó tó wà nílẹ̀ lásìkò náà gan-an. Èló ni yóò di lópin ọdún?

Ẹyọ kìíní ni ojú owó fúnra rẹ̀, ₦100,000. Ẹyọ kejì ni èlé orí ojú owó, ₦12,000. Ẹyọ kẹta ni èlé orí èlé, ibẹ̀ ló sì ti yẹ ká rọra. Ìdá 12 nínú 100 ti ₦12,000 jẹ́ ₦1,440, ṣùgbọ́n ₦12,000 náà kò dé lọ́jọ́ kan; díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìdajì ₦1,440 ni yóò mú wá, ₦720. Èlé tí ₦720 yẹn tún bí, òun náà pẹ́ kó tó dé, ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa rí gbà: ₦28.80. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìdá kan nínú mẹ́rin: kọ́bọ̀ 86. Ẹ rò ó pọ̀, ₦112,749.66. Bí a bá tilẹ̀ tẹ̀ síwájú títí láé, gbogbo èyí tó kù kò tó kọ́bọ̀ mẹ́ta.

Gbogbo ọgbọ́n náà nìyẹn. Ohun tí onímọ̀ ìṣírò Brook Taylor tẹ̀ jáde ní 1715 wà nínú rẹ̀. Frobenius gbé e lọ síbi tí ìdọ́gba ti le ní 1873, George Adomian sì tún un ṣe ní ọ̀rúndún tó kọjá fún àwọn ìdọ́gba tí kò tọ́ tààrà. Ọ̀rọ̀ tí a sì fi ṣe é tán, ẹnu ọjà ni a ti rí i. Èlé, láti ara lé. Ẹyọ, fún ìkọ̀ọ̀kan ohun tí a ń rò pọ̀. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti pe ẹyọ bẹ́ẹ̀ ní "ọ̀rọ̀", nítorí pé orúkọ kan náà, "term", ni òyìnbó fún méjèèjì, ọmọ tó bá kà á yóò sì máa wá gbólóhùn láàárín òǹkà. Àpapọ̀ wọn, tí ẹyọ ń tẹ̀ lé ẹyọ létòlétò, ni mo ń pè ní àròpọ̀ ẹlẹ́sẹẹsẹ. "Ọ̀wọ́" nìkan kò tó, torí ọ̀wọ́ ń tò ni, kì í rò pọ̀.

Ìyókù ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbèjà jù. Kọ́bọ̀ tó kù lẹ́yìn tí a dúró, "àṣìṣe" ni ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ pè é. Ta ló ṣì í ṣe? Ọlọ́jà wa mọ ibi tó dúró sí, ó mọ iye tó fi sílẹ̀, ó sì lè búra pé kò tó kọ́bọ̀ mẹ́ta. Bí ọmọ bá gbọ́ àṣìṣe, yóò rò pé olùkọ́ ti kùnà, tàbí pé ìṣírò náà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Bó bá gbọ́ ìyókù, ìbéèrè tó máa bí gan-an ni ìbéèrè tó yẹ: èló ló kù? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà lára ohun tí ẹlẹ́rọ fi ń pinnu bí ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ yóò ṣe nípọn tó, àti bóyá ògiri yóò sán.

Ìdí kan náà ni mi ò fi lè gba "ìfojúdíwọ̀n" fún ọ̀nà yìí. Ìfojúdíwọ̀n dára lọ́jà, ẹni tó ti ń ta ìrẹsì láti kékeré lè fojú bu kóńgò kó má jìnnà. Àmọ́ ojú ló ń wọ̀n ọ́n, kò sì sí ohun tó ń ṣe ẹlẹ́rìí fún ojú. Nínú ọ̀nà tiwa yìí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń mú wa súnmọ́ ìdáhùn, a sì lè fi ìṣírò hàn bí ó ṣe kù tó. Ìsúnmọ́ ló tọ́ sí i. Iye tí a bá dúró lé, iye ìsúnmọ́.

Kì í ṣe lé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí táńkì kan lórí òrùlé ní Òkè Àrín bá ní omi lítà 1,000, tó ń jò ní ìyára ìdá 20 nínú 100 èyí tó kù nínú rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí ìjò náà ń dínkù bí omi ṣe ń dínkù, àròpọ̀ omi tó kù lẹ́yìn wákàtí kan yóò lọ báyìí: 1,000, ó dín 200, ó lé 20, ó dín 1.33, ó lé 0.07. Nígbà tí a yọ 200, a ti yọ jù, torí a ṣe bí ẹni pé táńkì kún jálẹ̀ wákàtí. La bá dá 20 padà. A tún dá a padà jù, la bá yọ díẹ̀. 800, 820, 818.67, 818.73. Ìdáhùn wà láàárín iye méjì tó tẹ̀ léra nígbà gbogbo, ìyókù kì í sì í ju ẹyọ tó kàn lọ.

Ẹni tó bá mọ òǹkà Yorùbá kò ní rí ohun tuntun níbẹ̀. 45 ni árùndínláàádọ́ta: a dé 60, a yọ 10, a yọ 5. 525 ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tí í ṣe 600 ó dín 100, ó lé 30 tó dín 5. Iye ńlá tó wà nítòsí ni àwọn bàbá wa kọ́kọ́ ń di mú, wọ́n á wá fi èyí tó kéré tún un ṣe, wọ́n á tún fi èyí tó kéré sí i tún ìyẹn ṣe. Wọ́n ní "òǹkà Yorùbá le" débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó lóde òní kò lè kà kọjá ogún. Mo ń rò ó títí pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú òǹkà yẹn gan-an ni a ń wá lọ sí yunifásítì. Òótọ́ ni pé òǹkà máa ń dé ibi tó ń lọ, tí àròpọ̀ ẹlẹ́sẹẹsẹ sì lè jẹ́ aláìlópin. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń lé, tó ń dín, ọwọ́ kan náà ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ àròpọ̀ tó ń dúró àti èyí tí kì í dúró. Ti ọlọ́jà àti ti táńkì fìdí kalẹ̀: bí a ṣe ń fi ẹyọ kún un, ojú kan náà ló ń lọ jókòó sí. Mo ń pe ìyẹn ní ìfìdíkalẹ̀. Ẹ wá mú ìdọ́gba mìíràn, níbi tí ohun kan bẹ̀rẹ̀ láti 1, tí ìyára tó fi ń pọ̀ sì jẹ́ iye rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ ní àkókò ìdajì ń lọ 1, 1.5, 1.75, 1.875, ó ń fìdí kalẹ̀ sí 2. Ní àkókò 2, àròpọ̀ kan náà yóò máa ka 1, 3, 7, 15, yóò sì máa sá lọ. Ṣe ni ẹyọ tí a bá fi kún un ń gbé e jìnnà. Láàárín méjèèjì, ní 1, ààlà kan wà, ààlà ìfìdíkalẹ̀, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ láì mọ̀ lè fi ìṣírò tó mọ́ tónítóní dé ibi tí kò sí òtítọ́. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí orúkọ ààlà yìí ṣe kedere ní Yorùbá ju gbogbo orúkọ yòókù lọ.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. Nínú ìwé òyìnbó, orúkọ tí wọ́n fún iye tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nígbà mélòó kan ni ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní agbára, orúkọ yẹn ló sì wà lára àròpọ̀ tí Taylor ṣe. "Agbára" kò bá a mu rárá; àárẹ̀ kò mú òǹkà. "Ìlọ́po" súnmọ́ ọn, àmọ́ ìlọ́po méjì 5 jẹ́ 10 létí gbogbo Yorùbá, ohun tí a sì ń wá jẹ́ 25. Bí a bá fi ipá lò ó, a ó máa tú aṣọ tí ọmọ ti rán láti ìwé kìíní. Ní báyìí, gbólóhùn kíkún ni mo ń lò: "x ní ọ̀nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta". Ó gùn, ó sì máa ń rẹ ọwọ́ láti kọ, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ìṣírò tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tó ti lò ó ní kíláàsì tí àwọn ọmọ sì gbà á láì bèèrè ìtumọ̀, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síta.